Sílíńdà Mẹ́fà, Sílíńdà Mẹ́jọ, àbí Oníbátìrì

Dókítà eyín kan ló fẹ́ ra jíìpù. Kì í ṣe jíìpù lásán o. Èyí tí ìjókòó rẹ̀ máa ń gbóná bí òtútù bá mú ìdí ẹni tó jókòó sí i ni, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti na ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó ti yan àwọ̀, ó ti yan awọ ìjókòó, ó tilẹ̀ ti yan irú pákó tí wọ́n máa fi ṣe iwájú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wá ku ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú rẹ̀: onísílíńdà mẹ́fà, onísílíńdà mẹ́jọ, àti èyí tó ń fi epo àti bátìrì ṣiṣẹ́ pọ̀. Obìnrin tó lè fa eyín ọ̀gá ọlọ́pàá yọ kó sì tún bá a wí pé ó ń ké ju ọmọdé lọ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ sílíńdà kò yé e rárá. Ó ní àfi kí àbúrò òun wá.

Àbúrò rẹ̀ yìí ni mẹkáníìkì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Elétí. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, kí a sọ òótọ́, ó tóbi díẹ̀. Iṣẹ́ tó ń fi etí náà ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ọkọ̀ bá ń ṣàìsàn, tí àwọn mẹkáníìkì yòókù ti tú u palẹ̀ tí wọn ò rí nǹkan kan, Elétí á ní kí wọ́n ṣíná sí i. Á fi ẹnu irin gbọọrọ kan kan ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí irin náà kan etí, á dijú fún ìgbà díẹ̀, á sì ní fáàfù kẹta ni. Wọ́n á tú u, wọ́n á rí i pé fáàfù kẹta ni lóòótọ́. Àwọn ènìyàn máa ń wọ́ ọkọ̀ wá láti ìlú mìíràn nítorí etí yẹn.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé etí yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, kò sì pẹ́ tí òsì fi tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn bá dúró síwájú Elétí, tó sì ń rí ẹnu onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ ṣì máa ń wọlé. Ẹ́ńjìnnì ni kò ní ẹnu tí wọ́n lè wò. Ìyàwó rẹ̀ gan-an kò fura, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni kì í ti í dáhùn ní ìpè àkọ́kọ́. Nígbà tí nǹkan wá le tán, Elétí dọ́gbọ́n. Ó rí i pé bí òun bá fi eyín di ìdí irin yẹn mú dípò kí òun fi kan etí, ìró ẹ́ńjìnnì á gba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gòkè wá sínú orí òun. Bó ṣe di pé ó máa ń lé gbogbo ènìyàn jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn kó tó yẹ ọkọ̀ wò. Ó ní òun ò fẹ́ ariwo. Àwọn oníbàárà ní, ẹ ò rí i, ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́.

Ẹ̀rù tó ń ba Elétí kò kéré. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, kò sì ní kọ̀ǹpútà tí àwọn mẹkáníìkì ìwòyí fi ń bi ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Etí ló fi ń jẹun. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé Elétí ò gbọ́ràn mọ́, kó yáa ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nínú gbogbo ẹni tó wà láyé, ẹni tí kò gbọdọ̀ mọ̀ jù lọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí ẹnu obìnrin náà ń jò. Òun ló kéde oyún ìyàwó Elétí fún gbogbo ẹbí kí Elétí fúnra rẹ̀ tó gbọ́. Òun náà ló jẹ́ kí àdúgbò mọ iye eyín tó kù lẹ́nu onílé rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ nǹkan fún un láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, wọ́n á ti fi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́.

Nítorí náà, nígbà tó pè é pé kó wá bá òun yan ẹ́ńjìnnì, Elétí kọ́kọ́ purọ́ pé inú ń run òun. Obìnrin náà ní kó gbé inú náà wá bẹ́ẹ̀.

Ilé ìtajà ọkọ̀ náà tutù bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dán débi pé Elétí ń wo ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀, tí ojú sì ń tì í. Ẹni tó ń tajà fún wọn, táì rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ti ìdí rẹ̀ bọ bẹ́líìtì. Elétí sọ ọ́ ní Onítáì nínú ọkàn rẹ̀. Onítáì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó ń ka iye agbára ẹṣin, ó ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ á fi sáré dé ibi báyìí báyìí. Àmọ́ irunmú rẹ̀ bo ètè rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, Elétí kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan kà lábẹ́ igbó yẹn. Ó kàn ń mi orí. Nígbà tí Onítáì dákẹ́, tó sì ń wò ó bí ẹni tó béèrè nǹkan, Elétí ní ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n bá ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìdáhùn tó máa ń bá gbogbo ìbéèrè mu nìyẹn, ó sì ti ń fi í ṣayé láti ọdún tó kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ni ìgbà tí Dókítà Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í fi àbúrò rẹ̀ yangàn. Ó ní kí Onítáì gbàgbé ìwé tó ń kà yẹn. Ó ní àbúrò òun lè kọ̀yìn sí ọkọ̀ mẹ́ta, kó sì fi etí lásán sọ èyí tó jẹ́ sílíńdà mẹ́fà, èyí tó jẹ́ mẹ́jọ àti èyí tó ní bátìrì. Onítáì rẹ́rìn-ín, ó ní òun á fẹ́ rí i. Elétí ní kò sí ìdí fún eré ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé báàgì, ó ti ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Jíìpù mẹ́ta wà níbẹ̀ ní ìtò, dúdú ni gbogbo wọn, ìbejì pẹ̀lú ìdòwú. Elétí ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀, ó ní etí nìkan. Ó fúnra rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú, ó yí i kọjú sí ògiri, ó sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé Onítáì á máa ṣíná sí wọn níkọ̀ọ̀kan, Elétí á sì máa pe orúkọ wọn.

Ti àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Nǹkan kan gba ilẹ̀ wá, ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ Elétí gòkè, ó sì dé àyà rẹ̀. Kódà etí rẹ̀ méjèèjì jí díẹ̀. Ó pẹ́ tí irú ìró bẹ́ẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gé irin jẹ, ó sì dùn mọ́ ọn débi pé ó fẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí. Ó ní, "Mẹ́jọ." Ìró náà dákẹ́.

Ó wá ku ìkejì. Elétí dúró. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kò rí nǹkan kan. Ó bọ́ bàtà òsì díẹ̀, ó fi ọmọ ìka kan ilẹ̀, kò sí nǹkan kan síbẹ̀. Ó ń wo ògiri, òógùn ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kà dé ogún. Ó wá rò ó: bó bá jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà ni, ó yẹ kí ilẹ̀ gbọ̀n, ó kéré tán. Tí kò bá gbọ̀n, bátìrì ni, torí bátìrì kì í pariwo bó bá bẹ̀rẹ̀. Ìrònú yìí gún régé, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò mọ ìgbà tó kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

Ó ní bátìrì nìyẹn. Ó ní kí wọ́n tẹ́tí sí bó ṣe ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní òun ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì láyé yìí àmọ́ òun ò tíì gbọ́ èyí tó ní sùúrù tó báyìí. Ó ní ọ́ìlì rẹ̀ tuntun ni, òun gbọ́ ọ. Ó ní nǹkan kékeré kan ń dún tín-ín-rín lápá òsì, àmọ́ kí wọ́n má ṣe ìyọnu, ara rẹ̀ ni, ó máa lọ bó bá ti rìn díẹ̀.

Ó wá yíjú padà tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kejì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Onítáì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bọ̀ láti inú ọ́fíìsì ni, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó sì dúró sójú kan nítorí ó ti gbọ́ ìwàásù náà láti ẹnu ọ̀nà. Ó rọra sún mọ́ iwájú Elétí, ó sì là á mọ́lẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sókè, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé bí irunmú tilẹ̀ bo ètè. "Ẹ má bínú, sà. Kọ́kọ́rọ́ ni mo ní kí ẹ jẹ́ kí n lọ mú. Mi ò tíì ṣíná sí i."

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, Elétí ì bá wọlé láìdágbére. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń retí ẹ̀rín tí wọ́n máa gbọ́ dé òpópónà. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Onítáì lọ bá òun wá omi tútù, kó má sì tètè dé. Lẹ́yìn náà ló dúró síwájú àbúrò rẹ̀ gan-an, níbi tí Elétí ti lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa.

"Yanu," ló wí.

Elétí yanu. Kò mọ ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Dókítà Eyín gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè sí oòrùn láàárín ẹ̀yìnkùlé ilé ìtajà ọkọ̀, ó wo eyín iwájú méjèèjì, ó sì fi èékánná ha ibi tí irin ti jẹ wọ́n wọnú. Ó bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni òun ti tún wọn ṣe lọ́dún yìí. Elétí fi ìka mẹ́ta hàn. Ó bi í pé kí ló sọ pé ó fà á. Elétí, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, sọ nǹkan kan tó jọ "egungun."

Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí òun ti mọ̀. Òun wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun dúró sẹ́yìn rẹ̀, òun pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tẹ̀ ba lórí ọkọ̀ ẹlòmíì, ó ń gé irin jẹ. Òun rọra jáde, òun wọ ọkọ̀ òun, òun sì sunkún dé ilé. Láti ọjọ́ náà ni òun ti ń retí pé kó sọ fún òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí òun rí i pé orí kunkun kò ní í jẹ́, òun ní kí òun mú un wá kọjú sí ògiri.

Elétí pa ẹnu dé. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni ohun tó ń bà á lẹ́rù jù. Ó ní, "Ta lẹ ti sọ fún?"

"Kò sẹ́nìkankan."

Elétí wo ẹnu náà dáadáa, bóyá òun kà á ṣì ni. Oṣù mẹ́jọ. Obìnrin tí kò lè fi oyún ẹlòmíì pamọ́ fún wákàtí méjì, ó ti gbé èyí kiri fún oṣù mẹ́jọ, ó ń tún eyín rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan. Elétí kò tíì sunkún nítorí etí yìí rí. Ó wá sunkún ní ẹ̀yìnkùlé yẹn, ó ń fi apá aṣọ nu ojú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bú u. Ó ní òpònú ni, alágídí ni, ó ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú etí kò ju òpópónà méjì lọ sí ilé ìwòsàn òun, ọ̀la ni òun á wọ́ ọ lọ.

"Èmi ni mo pè ọ́ pé kí o wá yan ẹ́ńjìnnì," ló wí. "Ìwọ ni mo pè. Ṣé etí ni mo pè ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni Elétí ṣe fọ imú, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bi í pé ibo ló máa ń gbé ọkọ̀ lọ. Ilé sí ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn sí ọjà, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó bi í pé ta ló máa ń gbé. Ara rẹ̀ àti báàgì rẹ̀. Elétí ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan tó yẹ kí wọ́n tẹ́tí sí. Onísílíńdà mẹ́jọ á máa mu epo lásán nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ní í gbóná tán kó tó dé ibi tó ń lọ, èyí tó máa ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Mẹ́fà sàn díẹ̀. Oníbátìrì ló yẹ ẹ́, torí ó lè lọ kó bọ̀ láìfọwọ́ kan epo. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò purọ́ kankan nínú rẹ̀, ó sì pẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mi orí, ó ní òun gbọ́, ó yé òun yékéyéké.

Onítáì dé pẹ̀lú omi àti ìwé. Dókítà Eyín gba kálàmù, ó ní kó kọ onísílíńdà mẹ́jọ.

Elétí ò mọ ìgbà tó pariwo. Ó ní ṣé gbogbo àlàyé tí òun ń ṣe láti àárọ̀ ti já sí asán ni. Obìnrin náà bu ọwọ́ lùwé láìwo ojú rẹ̀, ó dá kálàmù padà, ó mu omi. Elétí mọ̀ dájú pé mẹ́jọ ló ti wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó kúrò nílé, torí dókítà eyín kejì tó wà ládùúgbò ń gun mẹ́fà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá yíjú sí i, ó sì là á mọ́lẹ̀ kó lè kà á.

"Mo fẹ́ kí o máa gbọ́ mi bí mo bá ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ," ló wí, "kí o lè ráyè sá."