Ọ̀pá Tó Mú Ohùn Pyalo Wọlé

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ lábúlé náà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí Toyi máa rí Pyalo, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Libreville nílẹ̀ òkèèrè, bá sọ̀rọ̀. Toyi fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ohun tó sọ fáwọn tó wá bá a kẹ́dùn nìyẹn: òun pè é títí, kò wọlé. Bí wọ́n ṣe sin obìnrin náà láìsí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Àánú Toyi ṣe Kpatcha, aládùúgbò rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó mú ríìmù kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, ó wé wáyà bàbà mọ́ ọn, ó so ó sórí ọparun gígùn, ó sì rì í mọ́lẹ̀ láàárín agbolé Toyi kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wọlé. Ó fa ìdí wáyà náà wálẹ̀, ó lọ́ ọ mọ́ ẹ̀yìn fóònù Toyi, ó wá de fóònù ọ̀hún mọ́ ọparun. Kò ṣeé gbé sétí mọ́. Sípíkà ni wọ́n máa fi gbọ́ ọ. Toyi ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé òjò ti ṣú, pé afẹ́fẹ́ á wó o.

Kpatcha ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣe èyí fún yín."

Ta ní í kọ oore lójú gbogbo ayé?

Naka, ìyàwó Kpatcha, gbé ọtí ọkà bàbà wá, àwọn ará ilé sì pé jọ. Kpatcha tẹ nọ́ńbà. Kò pẹ́ tó ń dún tí ohùn Pyalo fi jáde, ó mọ́ gaara.

"Bàbá, kí lẹ tún fẹ́?"

Naka ló dá a lóhùn, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń wá a.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ̀? Ẹnu ẹni kan tó wá láti ìlú Ketao ni mo ti gbọ́ pé ara màmá mi ò yá. Mo pe bàbá. Wọ́n gbé e, wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n pa fóònù. Torí mo fẹ́ ọkùnrin tí wọn ò fẹ́ kí n fẹ́."

Ó pa fóònù. Bí ilẹ̀ bá lanu, Toyi ì bá kó wọ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u, ìyẹn gan-an ló sì ká a lára jù. Kálukú gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rọra kí i pé ó dàárọ̀. Kpatcha ń ṣa irinṣẹ́ rẹ̀, kò wojú Toyi.

Toyi rò pé wọ́n á wá tú ọ̀pá náà. Kpatcha gbé e lọ dán wò nínú agbolé tirẹ̀, kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ó dá a padà. Nítorí náà, ilé Toyi làwọn èèyàn ń wá láti bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Á kí wọn, á gbé àpótí fún wọn jókòó, á sì wọ yàrá lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Naka wà níbẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Pyalo ni. Kò béèrè bàbá rẹ̀. Naka ló ń bi léèrè bí wọ́n ṣe wẹ òkú ìyá òun, aṣọ wo ni wọ́n fi dì í, ta ló sunkún. Atẹ́gùn ń mi ọparun, ohùn ń já. Toyi jáde láti inú yàrá, ó sì fi ìka tẹ wáyà mọ́ ẹ̀yìn fóònù. Ohùn tún mọ́ gaara. Naka wò ó, kò sọ fún Pyalo pé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Apá ń ro Toyi, àmọ́ kò gbọ́wọ́ kúrò, títí Pyalo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.