Ọ̀wẹ̀ Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ebè ni Asiata kọ́kọ́ rí. Ó sọ àpò tó kún fún aṣọ iṣẹ́ tuntun kalẹ̀ létí pápá, ó fi ìborùn nu ojú, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ebè náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tò lọ rẹrẹ láti etí kan dé ìkejì, gbogbo wọn dọ́gba, ilẹ̀ wọn tutù, wọ́n sì dára lójú débi pé, ká ní inú oko ni, ìbá yọ fóònù láti yà wọ́n. Igi ẹ̀gẹ́ ti wà lórí ìdajì wọn. Àsíá pupa kékeré tó máa ń wà nínú ihò ṣì dúró láàrin, ẹnì kan sì ti fara balẹ̀ kó ilẹ̀ jọ sí ìdí rẹ̀ kó má baà ṣubú.

Koríko ló wà níbẹ̀ nígbà tí ó lọ sílé lánàá.

"Ẹ kú àbọ̀, Mummy!"

Kabir ló ń sáré bọ̀, ọkọ́ lọ́wọ́, òógùn lójú, ẹ̀rín kún ẹnu. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá nà ró, wọ́n fi ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n sì kí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ iléèwé.

"Ó ku díẹ̀ ká parí," Kabir wí. "Ẹ máà bínú pé a ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Aishat ló ní ẹ máa kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ télọ̀ ní Ọ̀fà láàárọ̀ yìí, ni mo bá ní àyè rè é. A kàn kírun tán ni, a ti dé ibí. Háà, Mummy, koríko ti jẹ oko yín tán! Ó rọ̀ mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. A họ ọ́ títí kó tó gbà."



Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ojoku nìyẹn. Ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni a kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn a fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ lóko àna. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé lọ́dún kan tí Kabir ti ń fẹ́ Aishat, ọmọ Asiata, ṣùgbọ́n Asiata kò lóko. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni àwọn ẹbí ọkọ ti gba ilẹ̀ wọn. Bí ọmọkùnrin náà bá wá sílé, tó ní kí wọ́n fún òun níṣẹ́ ṣe, Asiata á ní kò sí iṣẹ́, kó bá òun kí àwọn ará ilé. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Aishat ti jáde ní polí, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilemona, ìyá rẹ̀ kò sì rán an níwèé kó lè wá fẹ́ àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń so táì ni ìyá ń wò fún un.

"Ta ló sọ fún ọ pé oko mi nìyí?" Asiata bi í.

"Bàbá Fátóyè ni, ma. Mo ní kí wọ́n fi tiyín hàn mí."

Bàbá Fátóyè, ọdẹ àtijọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, ti wà nítòsí. Ó ti rí ojú Asiata, ó sì ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Ó bi mí pé èwo ni ti Asiata, mo ní èyí tó ní àsíá. Ṣé irọ́ ni mo pa? Ṣebí ibẹ̀ lo máa ń wà tàárọ̀ tọ̀sán?"

Kò purọ́ lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ tí Asiata ń bá ṣiṣẹ́ gba àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti gbin àgbàdo sí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí. Kabir ti kọjá àgbàdo ti Fatimah, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń bá Asiata ṣiṣẹ́, ó ti kọjá àgbàdo ti ìyàwó kápẹ́ńtà, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ló bá dé ibi tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ìyá Aishat, kò rí àgbàdo kan ṣoṣo, koríko ló rí láti òkè délẹ̀. Àánú ìyá náà ṣe é.

Koríko ọ̀hún kì í ṣe koríko lásán. Ilé-iṣẹ́ kan tó ti kọ́ àdúgbò olówó sí etí òkun l'Ékòó ló ra ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ojoku, ó ní òun fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ síbẹ̀: igba ilé tí yóò yí pápá gọ́ọ̀fù ká, pẹ̀lú ihò méjìdínlógún. Ọ̀fà kò lókun, nítorí náà wọ́n gbẹ́ adágún omi ńlá kan kí àwọn olówó lè rí omi wò láti ojú fèrèsé. Nínú ihò méjìdínlógún, ìkíní nìkan ló tíì parí. Láti Abuja ni wọ́n ti kó koríko tó yí i ká wá, Asiata àti àwọn obìnrin mọ́kànlá tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì fi oṣù márùn-ún tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ìkókó. Lọ́jọ́ Sátidé ni àwọn tó fẹ́ ra ilé ń bọ̀ wá wò ó. Bí ojú wọn bá gbà á, àwọn obìnrin méjìlá náà yóò gba lẹ́tà òṣìṣẹ́ títí lọ, pẹ̀lú owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Asiata, kò sì tíì ṣe iṣẹ́ kan rí tí wọn kò sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ó ti parí, kó máa lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀ lòní.

Asiata sọ gbogbo èyí fún Kabir wẹ́rẹ́, láìpariwo. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kúrò lẹ́nu ọmọkùnrin náà. Nígbà tí ó parí, Kabir jókòó sórí ọ̀kan nínú ebè rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Mo gbé," ó wí.

Wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ Ẹnjiníà Susannah ní géètì. Bàbá Fátóyè súnmọ́ Asiata, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sọ pé màlúù ló wọlé."

"Bàbá, màlúù wo ló ń kọ ebè?"

Ọmọ Èkìtì ni Susannah, kò tíì pé ogójì ọdún, òun sì ni ọ̀gá lórí gbogbo nǹkan tó bá ti ń hù nínú ọgbà náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn bọ̀, ó dúró.

"Mummy Aishat, kí ni mò ń wò yìí?"

"Ebè ni, Ẹnjiníà."

"Mo rí i pé ebè ni!"

Asiata kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ṣàlàyé ọ̀wẹ̀, ó ṣàlàyé àsíá, ó ní bí wọ́n bá máa lé ẹnì kan, òun ni kí wọ́n lé, kí wọ́n fi àwọn obìnrin yòókù sílẹ̀.  Susannah yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó fi bàtà ti ebè kan, ebè náà kò mì.

"Wákàtí mélòó lẹ fi ṣe gbogbo èyí?" ó bi Kabir.

"Méjì lé díẹ̀ ni, ma."

"Ẹ̀yin mọ́kànlá péré? Àwọn tí mo gbà l'Ékòó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ibi tí kò tó báyìí." Ó mí kanlẹ̀. "Koríko tí a ń tọ́jú fún ihò kejì wà lẹ́yìn adágún. Tí a bá gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, tí a tẹ́ ẹ síbí bí ẹní, á ṣeé wò lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ogójì èèyàn ni mo nílò, títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Níbo ni màá ti rí ogójì èèyàn?"

Kabir dìde.  Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó fi eruku dá wọn lóhùn.

"Ó ti sá lọ nìyẹn," Fatimah, tó ti dé pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, wí. "Bí èmi ni, mi ò ní dúró títí màá fi dé Ìlọrin."

Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín, Asiata kò rín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, kì í sì í ṣe nítorí koríko nìkan. Ó ti rò pé ọmọ yẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun ti rò bẹ́ẹ̀. Ó ká apá aṣọ sókè, òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ebè.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló ń bọ̀, èèyàn kún inú wọn bámúbámú, àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ọkọ́, àwọn obìnrin pẹ̀lú agbọ̀n, orin ń lọ. Kabir ni ó ṣáájú lórí ọ̀kadà.

"Ta ni gbogbo wọn?" Asiata bi í.

"Àwọn tí mo ti bá ṣe àáró ni, Mummy. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo ti ń lọ sí oko wọn, ó ti kan tèmi báyìí. Àgbàdo mi ni wọn ì bá bá mi ro."

"Àgbàdo tìrẹ wá ńkọ́?"

"Màá máa dá a ro díẹ̀díẹ̀."

Asiata wo ojú rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó. Ó mọ iye ọjọ́ tí ọkùnrin kan ń lò kó tó rí irú èrò báyìí kó jọ. Oko ni òun náà gbé dàgbà. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n Susannah ti ń pariwo pé kí olúkúlùkù wá gba iṣẹ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Àwọn kan ń tú ebè, àwọn kan ń gún ilẹ̀ kó lè tẹ́jú, Susannah gbé pátákó gígùn kan, ó ń wọn ibi tó ga àti ibi tó jìn. Lẹ́yìn adágún, àwọn obìnrin Asiata ń gé koríko, àwọn ará Ojoku tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí tó fi dé ojú ihò. Bàbá àgbàlagbà kan gba tirẹ̀ dání, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé òótọ́ ni pé koríko lẹ̀ ń gbìn?"

"Òótọ́ ni, Bàbá," Asiata dáhùn.

"Tó bá wá dàgbà ńkọ́?"

"A máa gé e."

"Kí ẹran lè jẹ ẹ́?"

"Rárá, sà. Kí wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù kékeré lórí ẹ̀ ni."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ọgọ́ta ọdún ni òun fi bá koríko jà láìmọ̀ pé òun ìbá máa tà á. Títí ilẹ̀ fi ṣú, bí ẹnì kan bá ti pe koríko báyìí, gbogbo pápá á tún bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ adágún, wọ́n kírun níbẹ̀ kí àkókò má baà lọ. Nígbà tó di aago márùn-ún, wọ́n tẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Òjò winniwinni kan rọ̀ lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ náà, inú Susannah sì dùn débi pé ó jó láìsí ìlù.

Sátidé dé, àwọn ọkọ̀ ńláńlá sì ń wọlé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Asiata àti àwọn obìnrin rẹ̀ tò nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, àwọ̀ ewé, gèlè kan náà, wọ́n gún régé. Alhaja kan tó wá láti Abuja bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí koríko náà, ó ní kápẹ́ẹ̀tì ilé òun kò rọ̀ tó báyìí. Alhaji kan ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí i lẹ́ẹ̀kan péré, Susannah sì fi ẹ̀rín dá a dúró pé ilẹ̀ ṣì ń mumi lọ́wọ́. Kí wọ́n tó kírun alásáárì, ẹni mẹ́tàlélógún ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò ra ilé.

Nígbà tí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn lọ, Susannah pe Asiata sí etí pápá. Lẹ́tà méjìlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kabir, tó wá bá wọn kó àga, dúró lọ́nà jíjìn díẹ̀, kò fẹ́ súnmọ́ wọn.

"Ó ku nǹkan kan, Mummy Aishat," Susannah wí. "Koríko ihò kejì ti tán, mo sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fà á. Tó bá jẹ́ àjèjì, wọ́n á ní kí n fa ọ̀rọ̀ náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ará ilé òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ náà ni wọ́n máa fún ní ìwé ìkìlọ̀, yóò sì wà nínú fáìlì rẹ̀ títí tó fi máa fẹ̀yìn tì. Èwo ni kí n kọ?"

Asiata wo lẹ́tà tó wà lókè pátápátá. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò sí àṣìṣe kankan. Títí tó fi máa fẹ̀yìn tì! Ó yíjú sí ibi tí Kabir gbé dúró, tó di àga méjì mú ṣinṣin bí ẹni tó ń dúró de adájọ́.

"Ẹ kọ ọ́ pé Kabir ni," ó wí, ó sì gbé ohùn sókè kí ó lè dé ọ̀hún. "Kabir, ọkọ ọmọ mi."

Àga méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ Kabir. Ó sáré wá, ó ju ara sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko tuntun náà, àyà, ikùn, orúnkún, gbogbo rẹ̀.

"Yé e! Koríko mi!" Susannah figbe ta. "Dìde níbẹ̀!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ẹnjiníà," Asiata wí, ó sì gba lẹ́tà rẹ̀. "Tó bá bà á jẹ́, á tún un ṣe."