Lárà Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Ó rẹ Màmá Lárà. Ẹ má rò pé irú àárẹ̀ tí oorun òru kan lè wò ni mò ń sọ o. Ó rẹ̀ ẹ́ wọnú eegun. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń ṣiṣẹ́ ní oko ìwádìí, iṣẹ́ kan náà sì ni: kó mú lárà tó kúrú, kó mú èyí tí kóró rẹ̀ kún fún epo, kó da ìran wọn pọ̀, kó ṣa ọmọ wọn, kó tún gbìn ín, kó tún ṣà á. Ó ti wá rí i báyìí, lárà tí kò ga ju èèyàn lọ, tí èso rẹ̀ kì í bẹ́ dànù kí olùkórè tó dé. Ilé iṣẹ́ tó ń fi epo rẹ̀ ṣe epo ẹ̀rọ àti ọ̀dà ti ń retí irúgbìn náà, kí wọ́n lè pín in fún àwọn àgbẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni Màmá Lárà máa fẹ̀yìn tì, ohun tó sì ń bẹ Ọlọ́run fún ò ju pé kí irúgbìn yìí jáde lọ́wọ́ òun kóun tó lọ.

Àfi bó ṣe wọ oko láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó rí i pé àwọn kan ti yọrí láàárín àwọn lárà kúkúrú rẹ̀. Wọ́n ga gọgọrọ, igi wọn pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.

"Màmá, àwọn ọmọ yín yìí ò mà jọ yín o," ni òṣìṣẹ́ tó ń bá a ro oko wí. Aláwàdà ni wọ́n ń pè é.

"Bàbá wọn ló yàtọ̀," ni Màmá Lárà dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Atẹ́gùn ni alárinà lárà. Lẹ́búlẹ́bú tó wà lára òdòdó akọ fúyẹ́ bí eruku, ibi tí atẹ́gùn bá gbé e dé ló ń bà sí. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ gbin lárà mìíràn nítòsí oko náà. Àwọn pupa yìí wá fi hàn pé nígbà tí oko yọ òdòdó lésìí, lárà àjèjì kan wà nítòsí tó ń rán lẹ́búlẹ́bú wọlé.

Ó lọ sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ fa àwọn pupa tu, ká kó ìyókù fún ilé iṣẹ́ elépo. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi. Àwọn tí ò pupa náà lè gbé ìwà bàbá wọn sínú, ọ̀gá. Tó bá dóko àgbẹ̀, èso wọn á kàn máa bẹ́ dànù ni."

"Màmá, ẹ ro ti ìfẹ̀yìntì yín o."

Ká má parọ́, ó rò ó. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń ro bó ṣe máa dùn tó kóun kàn panu mọ́. Nígbà tó yá, ó ní òun máa kọ́kọ́ wá àjèjì náà rí.

Òun àti Aláwàdà wá a títí. Wọ́n wo etí odò, wọ́n wo ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, wọn ò rí nǹkan kan. Ni Màmá Lárà bá ní kí Aláwàdà máa lọ, kóun yà sílé mu omi. Ilé òṣìṣẹ́ tó ń gbé ò jìnnà sóko, ọgbà ló là wọ́n láàárín. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́, torí ìdájí ló ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì ń gbà lọ tààrà.

Yéè! Lárà! Lẹ́yìn ilé ìdáná tirẹ̀! Ó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ga, ó pupa, ó yọ òdòdó. Bàbá tó bí Màmá Lárà ló ń bomi rin ín. Káfíńtà tó ti gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ ni bàbá, ọdún kejì rèé tó ti kó wá síbẹ̀, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ẹ gbà mí o! Obìnrin tó mọ lárà ju gbogbo wa lọ, kò mọ̀ pé lárà wà nílé òun!

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?"

Bàbá yíjú padà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i! Etí títì ni mo ti ṣa kóró rẹ̀. Mo ní mi ò ní sọ fún ẹ, ìwọ fúnra ẹ lo máa rí i."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbin lárà?"

"Ṣé kì í ṣe òun lo fẹ́ràn ni?" Ẹ̀rín ti ń kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ojoojúmọ́ lò ń lọ wo lárà. Mo rò pé tí lárà bá wà nílé, ìwọ náà á máa wà nílé. Látìgbà tí mo ti dé, o ò tíì bá mi jókòó rí."

Ìbínú tó gbé bọ̀ ò rọ́nà jáde mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, kò tiẹ̀ bojú. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó wọlé lọ mú àdá méjì wá, ó na ọ̀kan sí i.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

"Èyí tó wà lóko ńkọ́?" bàbá bi í.

"A máa hú gbogbo ẹ̀. Màá sọ ibi tó ti wá fún ọ̀gá."

"Kẹ́ ẹ tó tún rí òmíì ṣe, á tó ìgbà wo?"

"Á tó ọdún mẹ́rin, márùn-ún." Ó nu ojú. "Mi ò ní sí níbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, Bàbá."

Bàbá gé igi kan lulẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Èmi náà ò ní sí, ọmọ mi," ó ní.

Màmá Lárà ò padà sóko mọ́ lọ́jọ́ náà.