Ìkòkò Wàrà Tí Dobri Fi Sílẹ̀

Nígbà tí Velko tún wá tọrọ ìkòkò náà, igi ìdáná ló kó sẹ́yìn ọkọ̀ wá. Ó já a sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìbi Yonka bóyá ó fẹ́, ó gbọn yìnyín kúrò lára bàtà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Yonka kò lè ní kó má wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, ní Srebrino, abúlé wọn lórí òkè Balkan, kò sì sí obìnrin tí í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ, bó ti wù kí inú bí i tó. Ó fún un ní àga, ó bu tíì ewé òkè fún un. Velko béèrè bí eékún rẹ̀ ṣe ń ṣe é, ó béèrè Bilyana, ọmọ Yonka kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Spéènì, ó ní ọ̀nà ti ń yọ̀ jù. Yonka mọ ohun tó ń bọ̀.

"Ìyá Bilyana," ni Velko wí, "ṣíbí kan péré ni mo ń wá. N ò ní kí o gbé gbogbo ìkòkò fún mi."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá."

"Mo tún ń sọ ọ́. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́."

"Ẹni tó kú ti kú, Bọ̀dá. Ẹ mu tíì yín, ó ń tutù."

Wàrà àkójọ ló wà nínú ìkòkò náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, tí koríko orí òkè ń gbẹ, wàrà àgùntàn a máa dín kù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá kù a máa ki bí ògì. Darandaran a sè é pẹ̀lú iyọ̀ títí yóò fi ki sí i. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tán, a da ìwúkàrà sí i, a sì dà á sínú ìkòkò amọ̀. Lọ́jọ́ kejì a da tọjọ́ náà lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ọmú àgùntàn yóò fi gbẹ. Bí ìkòkò bá kún, a yọ́ ọ̀rá àgùntàn dí i lẹ́nu kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ̀ ọ́, a sì gbé e lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Nígbà òtútù tí wọ́n bá ṣí i, ṣíbí a dá dúró nínú rẹ̀. Ó kan díẹ̀, ó níyọ̀, ó sì ń rùn bí koríko tí oòrùn ti pa.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwúkàrà tirẹ̀. Nínú ìkòkò ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń mú díẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ wàrà ọdún tuntun, bí ìgbà téèyàn bá ń fọn iná láti ààrò kan sí òmíràn. Bàbá tó bí bàbá Dobri ló bẹ̀rẹ̀ ti ìdílé wọn, Dobri ọkọ Yonka ló sì ń tọ́jú rẹ̀, nítorí Velko kò fẹ́ orí òkè rí láti kékeré. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà kiri.

Dobri kú nínú oṣù kẹsàn-án. Katakata ló dojú dé lé e lórí níbi tó ti ń kó koríko sọ̀kalẹ̀. Wẹ́sìdeè ni. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò ó pé ó yẹ kí a lọ wá a. Yonka ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè padà, tó wá a nínú ẹ̀gún, kí ọkọ rẹ̀ má baà wọ bàtà ẹyọ kan wọ ilẹ̀. Ìkòkò wàrà ọdún náà ti kún nígbà yẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Erùpẹ̀ ibojì kò tíì balẹ̀ dáadáa tí Velko fi ta agbo àgùntàn. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú àmì etí gbogbo wọn, nítorí òun ni àkọ́bí, bàbá wọn ló sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Tọmọ ìyá méjèèjì ni àgùntàn. Gbogbo Srebrino ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé orúkọ etí ẹran lè di ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ọjọ́ àdúrà ogójì ọjọ́ ni ọkọ̀ ńlá wá kó wọn. Velko kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ó ní ara òun kò yá. Nígbà tí Yonka délé pẹ̀lú abọ́ àlìkámà sísè tí wọ́n fi ń ṣàdúrà fún òkú lọ́wọ́, ó bá ọgbà ẹran ní ṣíṣí sílẹ̀, ìgbẹ́ wọn ṣì ń rú èéfín nínú òtútù. Velko sọ fún un lẹ́yìn náà pé obìnrin kan ṣoṣo kò lè da agbo, pé wàhálà lòun gbà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó rí lórí àgùntàn náà ló fi parí ilé àlejò rẹ̀ létí odò.

Àwọn àlejò ń wá láti Sofia, olú ìlú. Oúnjẹ àtijọ́ ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì ti gbọ́ nípa wàrà àkójọ. Velko ti ra abo àgùntàn díẹ̀ padà, wọ́n sì ti fẹ́ bímọ. Ó ti fi ìwúkàrà tí wọ́n ń tà ní ìlú gbìyànjú lórí wàrà ẹlẹ́ran mìíràn, àwọn àlejò jẹ ẹ́, wọ́n yìn ín. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá Dobri ni òun náà. Ó mọ̀ pé kì í ṣe é.

"Ìwọ náà ò ní àgùntàn mọ́," ni Velko wí, ó rọra sọ ọ́. "Kí lo fẹ́ fi ìwúkàrà ṣe?"

Yonka wò ó. "Ta ló ní kí n má ní?"

Velko gbé ife sílẹ̀. "Bó bá bàjẹ́ síbẹ̀, ó tán lọ́wọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni, kì í ṣe ti Dobri nìkan."

"Nígbà tí ẹ ń ta àgùntàn, tiyín ni. Ó wá ku wàrà, ó di ti bàbá."

Velko rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ẹnu rẹ mú ju ìgbà tí Dobri wà láyé lọ."

"Nígbà yẹn mo ní ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀."

Kò dúró pẹ́ mọ́. Ó fi igi sílẹ̀. Yonka sì fi igi náà dáná, nítorí òtútù kò mọ ìjà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Bilyana pè. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú ní Spéènì, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń gbé wọn láti bẹ́ẹ̀dì sí àga, ẹ̀yìn sì ń ro ó bí ẹni tó dàgbà jù ú lọ. Ó gbọ́ tẹnu ìyá rẹ̀ tán, ó ní kó fún Velko ní ṣíbí kan náà, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó ní inú bí òun náà, ṣùgbọ́n òun kò lágbára ìbínú mọ́. Òun ń bọ̀ wálé lẹ́ẹ̀rùn, òun kò sì fẹ́ máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá ilé ẹ̀gbọ́n bàbá òun. Yonka ní òun yóò rò ó.

Ó rò ó lóòótọ́. Ó rò ó nígbà tó ń ṣa àlìkámà, ó rò ó nígbà tó ń pò búrẹ́dì, nítorí Sátidé tó ń bọ̀ ni Ọjọ́ Àwọn Òkú, tí gbogbo ilé ń gbé oúnjẹ lọ sí itẹ́ òkú. Ohun tí olóògbé fẹ́ràn jù nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ. Àwọn obìnrin ti ń bi ara wọn léèrè lẹ́nu odò pé kí ni oníkálukú yóò gbé. Ẹnìkan bi Yonka. Ó ní òun kò tíì mọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tán ló sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé ó we ìkòkò náà mọ́ inú aṣọ irun àgùntàn, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ, ó sì gun òkè itẹ́ òkú pẹ̀lú àwọn yòókù. Àlùfáà ka orúkọ àwọn òkú. Wọ́n da wáìnì sórí ibojì, wọ́n tan àbẹ́là sínú yìnyín. Nígbà tó kan pínpín oúnjẹ, Yonka kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dobri, ó fi ọ̀bẹ fọ́ ọ̀rá ẹnu ìkòkò. Òórùn koríko òkè jáde sáàárín yìnyín, àwọn tó wà nítòsí sì yí orí padà.

Màmá Gana, arúgbó tí ibojì ọkọ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ti Dobri, sún mọ́ ọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ọmọ mi, kí lò ń ṣe yìí? Ìwúkàrà ilé yín nìyẹn."

"Ohun tó fẹ́ràn jù ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀." Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé nítorí Velko ni?"

Yonka fi wàrà sórí búrẹ́dì, ó nà án sí i. Màmá Gana wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó gbà á, nítorí a kì í kọ oúnjẹ òkú. Bí wọ́n bá fún ọ ní oúnjẹ lórúkọ olóògbé, ìdúró ni wàá jẹ ẹ́, níbẹ̀, wàá sì tọrọ àforíjì fún un. Ohun tó bá wọ ẹnu rẹ ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí a bá gbé lọ sílé, a jí i lọ́wọ́ òkú ni. Ẹni tó sì ń pín in kì í tọ́ ọ wò.

"Kí Ọlọ́run dárí jì í," ni Màmá Gana wí. Ó jẹ ẹ́, ó sì pa ojú dé.

Ni wọ́n bá ń wá. Àwọn tí kò kí Yonka láti ìgbà ìjà òun àti Velko wá. Àlùfáà wá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun fún wàrà. Àwọn kan jẹ tán, wọ́n lọ yí po ibojì kan, wọ́n tún padà wá tọrọ bí ẹni pé ojú kò mọ̀ wọ́n, Yonka sì fún wọn. Ìkòkò ń lọ sílẹ̀. Velko dúró lẹ́bàá ibojì bàbá wọn pẹ̀lú ìgò wáìnì lọ́wọ́, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó ku ìsàlẹ̀ ìkòkò nìkan. Yonka fi ṣíbí gba ohun tó kù mọ́ra, ó kó o sórí búrẹ́dì rẹ̀, ó pọ̀ ju tẹnikẹ́ni lọ.

Velko gbà á. Kò gbé e sẹ́nu. Ó yọ aṣọ ìnujú láti inú àpò, ó sì ń rọra tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, bí ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan.

"Velko," ni Màmá Gana wí, "ibí la ti ń jẹ ẹ́."

"Eyín ló ń dùn mí, Màmá. N ó jẹ ẹ́ nílé."

"Láti ìgbà wo la ti ń fi eyín jẹ wàrà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní ó ta àgùntàn tán, ó wá ń wá wàrà, ẹ̀rín náà sì le sí i. Velko kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó tẹjú mọ́ Yonka, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀ ní gbangba, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn.

"Ìyá Bilyana. Sọ fún wọn kí n máa gbé e lọ."

Bí Yonka bá sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè, nítorí òkú tirẹ̀ ni. Yonka mọ èyí. Ó nu ṣíbí mọ́ etí ìkòkò.

"Ẹ jẹun, Bọ̀dá," ló wí. "Dobri ló fún yín."

Velko jẹ ẹ́. Ó rọra ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, ó tẹ orí díẹ̀, bí Dobri ṣe máa ń jẹun gẹ́lẹ́. Yonka kò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí pé wọ́n jọra níbẹ̀. Omi bọ́ lójú Velko kó tó gbé òkèlè ìkẹyìn mì. Ó ní kí Ọlọ́run dárí ji àbúrò òun. Yonka ti rò pé bó bá rí i báyìí, nǹkan kan yóò tú nínú òun. Ó dúró dè é. Kò tú.

Màmá Gana fi ègé búrẹ́dì nu inú ìkòkò yípo, ó jẹ ẹ́. Kò ku nǹkan kan.

Lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú, Velko dúró dè é. "O ti parí rẹ̀," ló wí. "Kò tún sẹ́ni tó máa mọ bó ṣe rí mọ́."

"Ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́," ni Yonka wí. "Ẹ máa rántí rẹ̀."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.

Bilyana pè nírọ̀lẹ́, ní àkókò ìsinmi rẹ̀. Ó béèrè bóyá ìyá òun ti fún Bàbá Velko. Yonka ní òun ti fún un, òun fún gbogbo abúlé, ó sì sọ bó ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí dé ọ̀rọ̀ eyín. Bilyana bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ó tọ́ sí i. Ó ní òun ìbá fẹ́ wà níbẹ̀, òun ìbá rí ojú rẹ̀. Ó pẹ́ tí Yonka ti gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn.

"Ẹ ṣẹ́ tèmi kù, àbí?" ni Bilyana wí. "Èyí tí mo máa jẹ bí mo bá dé lẹ́ẹ̀rùn."

Yonka ń gbọ́ ohùn àwọn arúgbó tí wọ́n ń sọ èdè ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti ìró abọ́.

"Màmá?"

"Kò kù."

"Díẹ̀ náà? Wàrà bàbá mi ni."

"N ò rántí rẹ," ni Yonka wí. Òtítọ́ ni. Ó ti ka gbogbo ẹnu tó wà ní Srebrino nígbà tó ń gun òkè lọ, títí kan ẹnu Velko, kò sì ka ti Bilyana mọ́ wọn.

Bilyana ní kò burú. Ó ní wọ́n ń pe òun, arúgbó kan fẹ́ dìde. Ó pa fóònù, Yonka ṣì gbé tirẹ̀ mọ́ etí.