Tábìlì Músíọ̀ Hyacinthe

"Ìyàwó, wọ hìjáàbù rẹ, a ń lọ sí Savalou," Boukari wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá opó.

Falilatou kò dìde lórí ẹní. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù kí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tó ń ṣe fún Gafarou, ọkọ rẹ̀, pé. Àwọn àgbà ẹbí ti sọ ọ́ níṣojú gbogbo ilé ní Bantè níbí: bí ó bá ṣe opó náà láìjáde, yàrá méjèèjì àti ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ igi di tirẹ̀ àti ti Hafsath, ọmọ rẹ̀.

"Bàbá Rahimath, ẹ mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ jáde."

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Bí mo bá ní kí o jáde, ta ni yóò bi ọ́ léèrè?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tábìlì tí Gafarou kàn fún Músíọ̀ Hyacinthe, oníbàárà wa, ti funfun bí ẹni da ẹ̀kọ mímu sí i. Àlejò rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Bí a kò bá tún un ṣe, orúkọ Gafarou ló bàjẹ́."

Irú èèyàn wo ló ń kun fáníìsì sí igi nígbà tí òjò ń rọ̀? Boukari ni. Gafarou ló máa ń kan igi, Falilatou ló máa ń kùn ún. Ẹ̀gbọ́n yìí kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rí kí àbúrò rẹ̀ tó kú. Ṣùgbọ́n orúkọ Gafarou tó pè ló gbé opó náà dìde.

Ní Savalou, Falilatou fọwọ́ pa orí tábìlì náà. Ọ̀rinrin ti há sábẹ́ fáníìsì. Ó ṣí fèrèsé, ó ká àkísà òwú rírọ̀, ó fi alikóòlù ilé oògùn rẹ ẹ́ díẹ̀, ó sì ń fà á kọjá fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láti etí kan dé ìkejì. Bí ọwọ́ bá dúró lójú kan pẹ́nrẹ́n, fáníìsì a bó. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tó yá, funfun náà parẹ́, àwọ̀ pupa igi sì yọ.

"Ọ̀gá, o mọṣẹ́," Músíọ̀ Hyacinthe sọ fún Boukari. Boukari dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹbí pé jọ. Boukari fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n.

"Falilatou jáde nínú opó," ó wí. "Ó lọ sí Savalou, sílé ọkùnrin."

Falilatou rò pé etí ń tan òun ni. "Bàbá Rahimath, ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé mi lọ?"

Aminatou, àbúrò bàbá Gafarou obìnrin, yíjú sí Boukari. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣọ̀fọ̀ àbúrò mi tọkàntọkàn ni. Ẹ̀yin náà ti rí i."

Gbogbo ẹbí mọ̀ pé ìkà ni, ṣùgbọ́n Boukari ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aminatou dorí kodò. Ẹni tó dàgbà jù ní kí wọ́n dá obìnrin náà padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Lougba.

Kí oòrùn tó mú, alùpùpù akérò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, àgádágodo tuntun sì ti wà lára ilẹ̀kùn yàrá. Boukari sún mọ́ Falilatou bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

"Ìyàwó, àga mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ tó funfun. Alikóòlù yẹn, báwo lo ṣe ń wọ̀n ọ́n?"

Falilatou wò ó títí. Ojú kò tì í rárá. Ó yíjú kúrò, ó ní kí ọlọ́kadà máa lọ. Hafsath, tó há sáàárín ìyá rẹ̀ àti ẹrù, ń sunkún pé ìwé òun wà nínú yàrá tí wọ́n tì, ọjọ́ Ajé sì ni ìdánwò.