Òkun Lápá Ọ̀tún

Kànga méjì ni wọ́n ti gbẹ́ sí mọ́ṣáláṣí àwọn ará Nàìjíríà ní Point Four, ní Monrovia lórílẹ̀-èdè Liberia, omi iyọ̀ ni méjèèjì bú sí wọn lójú. Símẹ́ńtì tó kù kò lè ṣe ju ẹyọ kan lọ mọ́. Alhaji Ṣàfíù, tó ń ta páàtì mọ́tò, ni olórí ìgbìmọ̀ kànga, òun ló sì tọ́ka ibi tí wọ́n gbẹ́ nígbà méjèèjì. Ojú ti bàbá náà débi pé ó búra níwájú ìjọ: bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá tún jẹ́ iyọ̀, orí òun fúnra òun ni òun yóò fi ru omi àlùwàlá títí ààwẹ̀ ọdún 1987 yóò fi parí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kamorat ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, nítorí ó mọ orí tó ti ń ru omi náà láti ọdún méjìlá.

Orí ìyá rẹ̀ ni. Nurat, ọmọ ẹ̀yà Kru láti New Kru Town, tó gba ẹ̀sìn nígbà tó fẹ́ Alhaji, ló fi ara rẹ̀ ṣe apọnmi mọ́ṣáláṣí. Láràárọ̀ ló ń rìn jìnnà lọ sí ibi ẹ̀rọ omi, ọrùn sì ti ń dùn ún débi pé kò lè wẹ̀yìn mọ́ láìyí gbogbo ara.

Máàpù ni Kamorat ń yà ní ilé iṣẹ́ kan láàárín ìlú. Bàbá rẹ̀ kò ka iṣẹ́ náà sí; ó ní ọmọ tí òun rán níwèé tó báyìí ló wá ń fi pẹ́ńsù kun àwòrán bí ọmọ jẹ́léósinmi. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwòrán kan tí sátẹ́láìtì yà láti ojú sánmà bọ́ sí i lọ́wọ́, tó gba gbogbo Bushrod Island, erékùṣù tí Point Four wà. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ewéko tó bá mu omi yó máa ń hàn ní pupa. Kamorat rí ìlà pupa tín-ínrín kan tó wọ́ kọjá níhà gúúsù mọ́ṣáláṣí, láàárín òrùlé páànù àti iyanrìn, níbi tí kò sí odò kankan. Odò àtijọ́ ni, tí iyanrìn bò, tí omi rẹ̀ ṣì ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó jó díẹ̀ lẹ́yìn tábìlì kí ọ̀gá tó wọlé.

Gbogbo ìjọ ló ti gbọ́ nípa odò kan rí. Alfa Ràṣídì, tó ti Èkó wá dá mọ́ṣáláṣí náà sílẹ̀, ti fi lẹ́tà kéú kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní èdè Yorùbá pé, láti ibi tí lèmọ́mù ń dúró, bí èèyàn bá rin ọgọ́fà ìṣísẹ̀ síwájú níbi tí ìjọ ń kọjú sí kírun, yóò bá odò kan tí omi rẹ̀ dùn. Ìwé yìí ni Alhaji Ṣàfíù tẹ̀ lé. Nígbà àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ka ìṣísẹ̀. Nígbà kejì, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrú jù, wọ́n wá ọkùnrin gíga kan. Ọ̀nà ìlà oòrùn ni wọ́n gbà nígbà méjèèjì, àwòrán Kamorat sì ní gúúsù ni. Nínú ìwé àti àwòrán, ọ̀kan ń purọ́, kò sì dá a lójú pé kì í ṣe tòun.

Ìdí oúnjẹ alẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti tú. Bàbá rẹ̀ ń sọ nípa ìrun ọdún ní Èkó nígbà tó wà ní kékeré, bí òkun ṣe máa ń wà lápá ọ̀tún wọn tí atẹ́gùn á sì máa kùn sí wọn létí. Ọwọ́ Kamorat dúró nínú ìrẹsì. Ní Monrovia, ẹ̀yìn ni òkun máa ń wà bí èèyàn bá kírun. Ẹni tó bá fi òkun sápá ọ̀tún níbí, gúúsù ló kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ sùnùkùn, ojú sùnùkùn la fi ń wò ó. Kò sọ ọ́ ní gbangba. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Alfa Sàídù, lèmọ́mù, ọmọ Alfa Ràṣídì, nílé rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tí bàbá yín ń ṣe lèmọ́mù, apá ibo ni òkun wà sí wọn?"

Alfa fa tẹ̀súbáà rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ pé apá ọ̀tún ni, bíi ti Èkó, fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, títí ẹnì kan fi ti Mẹ́kà dé tó tún un ṣe. Ó ti pinnu láti kékeré pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun, kí wọ́n má baà fi òkú bàbá òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Nurat ń kọjá níta, garawa lórí, tó yí gbogbo ara padà láti kí i. Alfa wò ó títí ó fi lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Alfa fi àwòrán Kamorat han ìjọ, ó sì sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ̀. "Bàbá mi kọjú síbi tí kò yẹ. Ọlọ́run Aláàánú gba ìrun náà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kì í gbọ́ àwáwí. Ẹ jẹ́ ká lọ gbẹ́ ẹ síbi tí bàbá kọjú sí."

Àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun náà wà lára àwọn tó kọjú sí gúúsù, òun sì ti rò pé òun á gbé àṣírí náà wọ sàréè. Gbogbo mọ́ṣáláṣí bá a rẹ́rìn-ín, Alfa náà rẹ́rìn-ín, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ẹrù ńlá ti sọ̀ kalẹ̀.

Ọgọ́fà ìṣísẹ̀ síhà gúúsù já sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan, níbi tí koríko ti máa ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo wọn ń kọjá lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, omi sun. Alhaji Ṣàfíù ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó di ojú. Ó tún mu ún.

"Ó dùn," ló wí. "Ọmọ mi tó ń ya máàpù ló rí i."

Nurat da garawa rẹ̀ dé, ó jókòó lé e. "Da finish, ya," ó wí. "Ó parí nìyẹn."

Alhaji wá garawa míràn, ó pọn omi kún un, ó ṣí fìlà, ó sì gbé e karí. Wọ́n rán an létí pé omi dùn, ìbúra kò mú un mọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó gba àárín Point Four lọ sílé, omi ń dà sórí agbádá funfun rẹ̀, Kamorat ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀rín. Nurat ń bọ̀ lẹ́yìn wọn lọ́wọ́ òfo. Láti ibi kànga títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, kò mọ ibi tí ì bá kó ọwọ́ méjèèjì sí.