Férémù Kan fún Ọmọ Méjì

Bàbá mi kì í ṣe ojúsàájú. Bí ẹ bá dé abúlé wa lókè ìlú Duitama ní Kòlóńbíà, ẹ béèrè Don Edilberto, wọ́n á sọ fún yín. Bí aládùúgbò méjì bá ń bá ara wọn jà lórí omi tí wọ́n fi ń rin oko pòtétò, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí kó wá pín in. Nínú ilé, ẹyin kan ṣoṣo, á fi òwú gé e sí méjì fún èmi àti Yesid, àbúrò mi ọkùnrin, á sì ní ká wò ó bóyá ó dọ́gba. Gbogbo ayé ló ń yìn ín. Èmi náà ń yìn ín, títí di ọdún tí mo pé mẹ́tàdínlógún.

Ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ eré kẹ̀kẹ́ kan kéde ní Duitama pé àwọn fẹ́ yan àwọn ọ̀dọ́: obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́jọ. Àwọn obìnrin á díje lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọkùnrin lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á fún un ní ilé, oúnjẹ àti owó oṣù. Ó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pé méjìdínlógún, wọn kì í wo ojú rẹ̀. Bí mo bá pàdánù ti ọdún náà, ó parí fún mi. Yesid ní tiẹ̀ ṣì lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó yára jù nínú wa. Láràárọ̀ la máa ń fi àwọn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ onírin gbé wàrà sọ̀kalẹ̀ lọ sí ojú títì, àá sì tún gùn wọ́n padà sókè. Láti ibi afárá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Yesid ò ṣáájú mi rí, àní lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe mí. Kò sì jiyàn. "Ẹ̀dọ̀fóró kọ́ ló wà láyà ẹ̀gbọ́n mi," ló máa ń wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, "ẹ́ńjìnnì tírélà ni." Gíga nìkan ló fi jù mí. Èmi kúrú bí ìyá mi. Òun ń ga lọ bí ẹni tí wọ́n ń fà láti òkè.

Bàbá ta ọmọ màlúù kan, ó kó àwa méjèèjì lọ sí ìsọ̀ Don Hermógenes tó ń ta kẹ̀kẹ́. Inú ìsọ̀ náà kún fún férémù, egungun kẹ̀kẹ́ lásán, tí wọ́n so kọ́ sí òrùlé bí ẹran nílé alápatà. Ojú Yesid lọ tààrà sára ọ̀kan tó dúdú, tó ń dán.

"Kábọ́nù nìyẹn," ni Don Hermógenes wí. "Ọmọ màlúù yín ò tó o. Ẹ lọ mú ìyá ẹ̀ wá, kẹ́ ẹ mú ìyá-ìyá ẹ̀ náà wá."

"Àlòkù ẹ̀ ńkọ́?" ni Bàbá béèrè.

"Kábọ́nù àlòkù dà bí ọkọ àlòkù, Don Edilberto. Ara ẹ̀ á máa dán, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti sán títí á fi já yín jù sílẹ̀. Alumíníọ́mù ni tiwa. Tó bá ti ṣubú rí, ẹ máa rí ojú àpá ẹ̀."

Ó kọ́ wa bí a ṣe ń wò ó. Ó ní ká fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, ká wò ó bóyá ọ̀dà ti là lábẹ́ ọrùn rẹ̀, ibẹ̀ ni alumíníọ́mù ti máa ń kọ́kọ́ sán. Bàbá tọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ eyín màlúù wò. Lẹ́yìn náà ni Don Hermógenes wá béèrè ohun tó yẹ kó ti kọ́kọ́ béèrè.

"Ta ló máa gùn ún?"

"Àwọn méjèèjì. Ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kan lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Don Hermógenes wo orí mi, ó wo orí Yesid, ó rẹ́rìn-ín. "Férémù kì í ṣe aṣọ ruana o, tí ẹnikẹ́ni lè gbé kọ́rùn."

"Ruana tó wà lọ́rùn mi yìí, èmi àti ìyàwó mi la jọ ń fi lé òtútù," ni Bàbá dá a lóhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà sọ mẹ́ta kalẹ̀ nínú alumíníọ́mù: ti kékeré, ti àárín àti ti ńlá. Wọ́n ti to ti kékeré tán, ó ní ìjókòó àti ọwọ́. Ó ní kí n gùn ún wò. Mo jókòó, ọwọ́ mi sì bọ́ sórí bíréèkì láìjẹ́ pé mo wá a. Mi ò tíì gun ohun tó bá mi mu bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Òun náà ló wọ́n kéré jù, nítorí pé ẹni kúkúrú tó ń ra férémù ò pọ̀.

"Tó bá jẹ́ dandan kí ẹni méjì jọ lo ọ̀kan, ẹ mú ti kékeré yìí," ni Don Hermógenes wí. "Èyí tó kéré, mo lè fa ìjókòó ẹ̀ sókè fún ọmọkùnrin yìí, kí n sì ti ọwọ́ ẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn á máa dùn ún, àmọ́ á gùn ún. Èyí tó bá tóbi ju èèyàn lọ ńkọ́? Ibo ni mo fẹ́ gé kúrò lára ẹ̀?"

"Ìyẹn ni pé kí obìnrin gba ìwọ̀n tiẹ̀, kí ọkùnrin máa fara dà á. Ṣé ó dọ́gba bẹ́ẹ̀?"

"Kò dọ́gba, àmọ́ ó máa ṣiṣẹ́. Èwo ló yára jù nínú wọn?"

"Ọmọ ni mo bí," ni Bàbá wí, "mi ò bí ẹṣin ìje."

Yesid ló sọ̀rọ̀. "Nelcy ni, Bàbá. Ẹ ra ti kékeré."

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Tí mo bá rà á, lọ́la wàá ní mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ẹ jù ẹ́ lọ."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"O ò ní sọ ọ́. Wàá máa rò ó."

Ó gbé ti àárín. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó tóbi fún mi."

"Ó kéré fún òun náà. Ẹ jọ máa jẹ ìyà ẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ òdodo nìyẹn."

Don Hermógenes sa gbogbo ipá rẹ̀. Ó rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí kò fi lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, ó tì í síwájú, ó wá ọwọ́ tó kúrú jù lọ nínú ìsọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá nawọ́ sí bíréèkì, orí ìka mi nìkan ló ń kàn án.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé orí òkè. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi. Ṣùgbọ́n òkè tí èèyàn bá gùn, ó ní láti sọ̀ ọ́. Ọ̀nà náà ń lọ́, mi ò sì lè di bíréèkì mú kó mú mi dúró bó ṣe yẹ, torí náà mo ń tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, kí kọ́nà tó dé, bí ìyá arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọbìnrin kan kọjá lára mi. Èkejì kọjá. Nígbà tí ẹ̀kẹta kọjá, mo rí ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe di bíréèkì mú dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí eré. Ipò kẹrin ni mo ṣe. Mi ò tiẹ̀ ṣubú. Ó wù mí kí n ti ṣubú, bóyá wọn ì bá ṣàánú mi.

Kóòṣì wọn tọ̀ mí wá. "Ìwọ lo mú òkè," ló wí. "Kẹ̀kẹ́ ta lo gùn wá?"

"Tiwa ni, sà," ni mo dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n fa ìjókòó sókè fún Yesid títí ó fi dà bí ọrùn lékeléke. Ẹ̀yìn dùn ún gẹ́gẹ́ bí Don Hermógenes ṣe wí, ó sì gùn ún gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ipò kẹjọ ló ṣe. Wọ́n mú un. Wọ́n ní àwọn á fún un ní kẹ̀kẹ́ mìíràn, èyí tó ga tó o.

Lálẹ́, nídìí oúnjẹ, inú Bàbá dùn débi pé ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. "Ẹ rí i? Ẹni tó bá ṣe òdodo, Ọlọ́run á gbè é. Ọ̀kan ti wọ ẹgbẹ́, kẹ̀kẹ́ sì di ti èkejì. Nelcy, tìẹ nìkan ni báyìí."

Yesid gbé ṣíbí kalẹ̀. "Bàbá, èmi kọ́ ló yẹ kí wọ́n..."

Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kí ló fẹ́ sọ tí kò tíì sọ ní ìsọ̀?

"Ṣé inú ẹ ò dùn ni?" ni Bàbá bi mí.

"Ó dùn, Bàbá."

Ó gbà mí gbọ́. Ohun tí mi ò lè dárí jì í nìyẹn, ju férémù lọ. Bó bá jẹ́ ìkà ni, ǹ bá bú u, kí n sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó wò mí lójú, ọkàn rẹ̀ mọ́, ó sì tún bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a níta pẹ̀lú okùn àti wáyà. Ó ti de irin mọ́ ẹ̀yìn férémù náà fún agolo wàrà méjì. Ó ní kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun, bóyá ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì dọ́gba.

Mo wò ó dáadáa. Ó dọ́gba.